Òkun wo ló wà ní Àbújá? Ìjíròrò lórí olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà

Ìbéèrè, láti ọwọ́ ọmọ apẹja kan ní Bàdágìrì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní oṣù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ ìjọba dá ọkọ̀ bàbá mi dúró lójú òkun, wọ́n sì tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn létí omi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára àwọn, pé Àbújá ni àṣẹ yóò ti wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, òkun wo ló wà ní Àbújá? Kí ló dé tí olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi kò fi sí Èkó tàbí Kàlàbá, níbi tí ọkọ̀ wà? Ṣé kò yẹ kí wọ́n dá a padà?

* * *

Àbúrò, ìbéèrè méjì lo so pọ̀. Èkíní ni ìdí tí olú iléeṣẹ́ fi wà ní Àbújá. Èkejì ni ìdí tí ẹni tó wà létí omi kò fi lè parí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti dáhùn èkíní, èkejì ti yanjú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Èkó ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó ní ọmọ ogun ojú omi rárá, iléeṣẹ́ kan wà tí ìjọba amúnisìn ń pè ní Nigerian Marine, èyí tó di ẹyọ kan ṣoṣo ní ọdún 1914 nígbà tí wọ́n so Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ mọ́ ogun púpọ̀: òun ló ń tọ́jú èbúté, òun ló ń kó yanrìn kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀, òun náà ló ń gbé lẹ́tà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba orí odò. Nígbà tí Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1955, ó gba iṣẹ́ èbúté lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ orí odò bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn. Nínú ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní Àpápá ni wọ́n ti dá ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1956. Òyìnbó ló kọ́kọ́ ń darí rẹ̀, títí di ọdún 1964 tí Joseph Edet Akinwale Wey, ẹni tí wọ́n bí ní Kàlàbá, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ibẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ibì kan náà ni ìjọba àti èbúté wà, nítorí náà kò sí ohun tó mú ẹnikẹ́ni béèrè bóyá nítorí òkun ni olú iléeṣẹ́ ṣe wà ní Èkó tàbí nítorí ìjọba. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìdáhùn yọjú. Olú iléeṣẹ́ náà tẹ̀lé ìjọba lọ, ó sì fi ọkọ̀ àti àwọn ọmọ ogun sílẹ̀ sétí omi.

* * *

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ pé ìṣìnà ni ìṣíkúrò náà. Òǹkàwé kan ní Sùúrùlérè kọ ọ́ báyìí pé: "Àgbẹ̀ kì í fi oko rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa gbé ìlú tó jìnnà kó tún retí ìkórè." Ó ní àwọn ọ̀gá tó wà ní Àbújá kò gbọ́ òórùn omi iyọ̀ mọ́, pé ìwé lásán ni wọ́n ń rí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ kan fún olú iléeṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní Àbújá, wọn kì í darí ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin jà fún ìṣúná, kí wọ́n pinnu irú ọkọ̀ tí a ó rà àti èyí tí a ó tún ṣe, kí wọ́n yan ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá níbi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn àti orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gba ìròyìn láti ẹ̀ka gbogbo. Àwọn tó ń rán ọkọ̀ jáde wà létí omi ní tòótọ́: Ẹ̀ka Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Àpápá, Ẹ̀ka Ìlà-Oòrùn wà ní Kàlàbá, Ẹ̀ka Àárín Gbùngbùn wà ní Yenagoa. Lábẹ́ ti Àpápá ni àwọn ibùdó kéékèèké wà, ọ̀kan ní Bàdágìrì nítòsí yín níbẹ̀, òmíràn ní Igbókọ̀dá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní Èkó náà ni ibùdó ìtúnkọ̀ṣe wọn wà, ní Victoria Island, níbi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun NNS (Nigerian Navy Ship) Andoni tí wọ́n sọ sómi ní ọdún 2012.

Ohun kan sì tún wà tí àwa ará Èkó máa ń gbàgbé. Etí òkun Nàìjíríà gùn tó kìlómítà 853, láti Bàdágìrì títí dé ìpínlẹ̀ Cross River. Inú àwọn odò Niger Delta ni jíjí epo rọ̀bì ti pọ̀ jù. Ẹni tó wà ní Brass tàbí Bonny kò rí i pé Èkó sún mọ́ òun ju Àbújá lọ. Bí a bá gbé olú iléeṣẹ́ padà sí Èkó lónìí, ará Kàlàbá yóò béèrè ohun tí ìwọ ń béèrè yìí lọ́la, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú sí ẹni tó béèrè bóyá Nàìjíríà nìkan ló ṣe irú èyí: rárá o. New Delhi ni olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Íńdíà wà, ó sì jìnnà sí òkun gan-an, ṣùgbọ́n Mumbai, Visakhapatnam àti Kochi ni àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wà. Pakistan gbé tirẹ̀ kúrò ní Karachi lọ sí Islamabad. Nígbà tí Bùràsíìlì gbé olú-ìlú rẹ̀ láti Rio de Janeiro lọ sí Brasília ní ọdún 1960, àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ náà bá ìjọba lọ, agbo ọkọ̀ wọn sì dúró sí Rio. Nínú gbogbo wọn, àwọn ọ̀gá lọ jókòó ti ìjọba, àwọn ọkọ̀ dúró ti omi.

* * *

Jẹ́ kí n fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan hàn yín tó jẹ́ kí èmi fúnra mi yí èrò padà, nítorí ìgbà kan wà tí èmi náà ń pariwo pé kí wọ́n dá a padà sí Èkó.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ọkọ̀ agbépo ràbàtà kan tó ń jẹ́ Heroic Idun wọ àgbègbè kànga epo Akpo nínú òkun wa láìgba àṣẹ. Ọkọ̀ ogun NNS Gongola lọ bá a, ó pàṣẹ pé kó dúró. Kò dúró. Ó sá kúrò nínú omi Nàìjíríà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ ké gbàjarè sí ayé pé ajalèlókun ló ń lé àwọn. Ibi tí ọwọ́ ọkọ̀ ogun ti mọ nìyẹn, nítorí ọkọ̀ ogun wa kò lè kàn wọ omi ẹlòmíràn lọ mú ènìyàn. Ohun tó mú ọkọ̀ náà ni pé Nàìjíríà fi tó àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká létí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Equatorial Guinea sì dá a dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́, wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 sì ni àdéhùn wáyé, wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì san owó ìtanràn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Láti etí omi ni wọ́n ti rí ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lé e. Ṣùgbọ́n ìjọba sí ìjọba ló fa orílẹ̀-èdè mìíràn wọ̀ ọ́, tó gba ọkọ̀ náà padà, tó sì gbé e dé iwájú adájọ́. Rédà àti kámẹ́rà tí wọ́n tò sí etí òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní Falcon Eye, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Keje ọdún 2021, ń jẹ́ kí àwọn tó wà ní Àbújá rí ohun tó ń lọ lójú omi. Bákan náà ni àdéhùn Yaoundé ti ọdún 2013 so àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ajalèlókun, tó bẹ́ẹ̀ tí ibùdó kan wà ní Kùtọnu fún Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Niger. Àwọn ará Bàdágìrì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé omi kò ní ògiri láàárín wa àti Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí kò sún mọ́ ìjọba kò lè ṣe apá iṣẹ́ yìí dáadáa.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé mo ń gbèjà ìjọba. N kò gbèjà ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá ọmọ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ní Àpápá fún ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ìpẹja mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan, iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ dá ọ̀kan nínú wọn dúró, wọ́n ní ìwé àṣẹ ìpẹja rẹ̀ kò dá àwọn lójú. Mo gbé ojúlówó ìwé náà lọ bá ọ̀gá tó wà níbẹ̀. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní kò sí àbùkù lára rẹ̀. Mo ní kó tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò ní agbára láti tú u sílẹ̀, agbára láti dá a dúró nìkan ni òun ní, àfi kí òun kọ̀wé sókè. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọkọ̀ náà fi wà níbẹ̀. A ń ra dísẹ̀lì lójoojúmọ́ kí ẹ̀rọ amómidì má bàa kú, títí owó fi tán. Àwọn atukọ̀ mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀, èmi ni mò ń gbé gààrí àti omi lọ fún wọn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ mọ́tò òru lọ sí Àbújá fúnra mi.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ni àṣẹ kò tíì rí ìwé kankan. Lẹ́tà wa wà lórí tábìlì ẹlòmíràn, ó ń dúró de ìbuwọ́lù kí ó tó kọjá sí tábìlì mìíràn. Ọjọ́ tó dé iwájú ọkùnrin náà, kò tó wákàtí kan tó fi kà á, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tú wa sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ẹja ti bàjẹ́. Mo dúró létí omi lọ́jọ́ tí a da ẹja náà nù, omi sì bọ́ lójú mi.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún àbúrò yìí pé ìbéèrè rẹ̀ méjì ni. Bí ọ́fíìsì yẹn bá wà ní òpópónà kejì sí mi ní Àpápá, ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn ì bá dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n tábìlì yẹn ì bá ṣì wà láàárín wa. Ohun tó pa ẹja wa ni pé wọ́n fún ẹni tó wà létí omi ní àṣẹ láti mú, wọn kò fún un ní àṣẹ láti fi sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá gbé olú iléeṣẹ́ kúrò láìfọwọ́ kan èyí, òkè ni ìwé yóò ṣì máa lọ.

* * *

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ẹ bá fún ọ̀gá etí omi ní àṣẹ láti tú ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ti fún un ní ọjà láti tà. Ẹ rántí African Pride."

Mo rántí, Bàbá. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, African Pride jẹ́ ọkọ̀ agbépo tí wọ́n mú ní ọdún 2003 pẹ̀lú epo rọ̀bì tí wọ́n fura sí pé wọ́n jí. Ó wà ní ìkáwọ́ ọmọ ogun ojú omi, ní ọdún 2004 sì ni a wá a tì. Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wádìí rẹ̀, ní ọdún 2005 sì ni ilé ẹjọ́ ológun lé ọ̀gá àgbà méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo gbà pẹ̀lú yín pé ewu náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kan: àwọn tí wọ́n lé nígbà náà kì í ṣe ọmọ ogun kékeré tó wà ní ibùdó kan létí omi. Ọ̀gágun ojú omi ni wọ́n. Kíkó àṣẹ jọ sókè kò dáàbò bo ọkọ̀ yẹn. Ohun tó lè dáàbò bò ó ni pé kí ìwé wà, kí a mọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ta ni, ní ọjọ́ wo, ní wákàtí wo, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará iléeṣẹ́ kan náà sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà àjọṣe tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ní ọdún 2016 lórí mímú ọkọ̀, dídá a dúró àti gbígbé e lọ sílé ẹjọ́ gbìyànjú láti ṣe èyí: ọmọ ogun ojú omi á mú, lẹ́yìn náà á fa ọkọ̀ àti ènìyàn lé iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ lọ́wọ́. Ó dára lórí ìwé. Ibi tí èmi rí i pé ó kù sí ni ti àwọn ẹni kékeré, àwọn tó ní ọkọ̀ onígi àti ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tí kò ní lọ́yà, tí kò sì lè wọ mọ́tò òru lọ sí Àbújá.

Bàbá náà tún fèsì, wọ́n ní àwọn gbà pé kí a fi gbèdéke iye ọjọ́ sí dídá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n àwọn kò gbà pé kí a fi ìtúsílẹ̀ ọkọ̀ agbépo lé ọ̀gá ibùdó kékeré lọ́wọ́. Lórí ìyẹn, èmi àti àwọn kò ní ìjà. Ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ apẹja kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi okùn kan náà so wọ́n.

* * *

Àwọn kan ní kí a kúkú dá ẹ̀ṣọ́ etí òkun sílẹ̀, irú èyí tí Amẹ́ríkà ń pè ní Coast Guard, kí ọmọ ogun ojú omi lè gbájú mọ́ ogun. Àbá òfin lórí rẹ̀ ti dé iwájú àwọn aṣòfin, àwọn ọmọ ogun ojú omi sì ta kò ó, wọ́n ní òfin ológun ti fún àwọn ní iṣẹ́ náà: kọ́sítọ́ọ̀mù ojú òkun, ìpẹja, ìwọlé àjèjì àti dídènà àwọn tó ń fi epo ṣe fàyàwọ́. Òótọ́ ni, iṣẹ́ náà wà nínú òfin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Amẹ́ríkà tí ẹ ń tọ́ka sí. Ọdún 1790 ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ọdún 1915 ló di orúkọ tó ń jẹ́ báyìí nígbà tí wọ́n so àwọn agbowó-orí ojú omi àti àwọn adóòlà ẹ̀mí pọ̀. Ó ti wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìṣúná, ó bọ́ sábẹ́ ti ìrìnnà ní ọdún 1967, ó tún bọ́ sábẹ́ ti ààbò abẹ́lé ní ọdún 2003. Olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Washington, etí odò ni Washington wà, kì í ṣe etí òkun.

Méjì nínú ọkọ̀ ogun wa tó tóbi jù ti inú iléeṣẹ́ yẹn wá. NNS Thunder, tí a gbà ní ọdún 2011, ni ọkọ̀ tó ń jẹ́ Chase lọ́wọ́ wọn. NNS Okpabana, tí a gbà ní ọdún 2014, ni Gallatin. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etí òkun tiwọn ni ọkọ̀ ogun tiwa, nítorí náà ọkọ̀ kọ́ ló ya ẹ̀ṣọ́ kúrò lára ọmọ ogun. Bí a bá dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀, yóò ní olú iléeṣẹ́ tirẹ̀ ní Àbújá, yóò ní ọ̀gá àgbà, yóò ní tábìlì púpọ̀, apẹja Bàdágìrì yóò sì bá ẹlòmíràn tó wọ aṣọ ìjọba pàdé lójú omi. N kò tíì rí ẹni tó fi hàn mí bí ìyẹn yóò ṣe dá ẹ́ńjìnnì kan padà.

* * *

Àbúrò, mo padà sọ́dọ̀ rẹ. Má kọ̀wé sí Àbújá báyìí. Kọ́kọ́ wádìí iléeṣẹ́ tó mú ẹ́ńjìnnì náà ní tòótọ́, nítorí iléeṣẹ́ tó ń wọ aṣọ ìjọba lójú omi kò kéré, bí o bá sì kọ̀wé sí èyí tí kò ṣe é, oṣù kan ti ṣòfò. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bàbá rẹ, kí ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà, nọ́ḿbà wo ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ wo ni, ìgbà wo lójúmọ́, apá ibo nínú òkun. Kọ nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Ó wà lára ìwé tí ẹ fi rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ogun ojú omi ni, gbé lẹ́tà lọ sí ibùdó wọn ní Bàdágìrì, fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀ka Ìwọ̀-Oòrùn ní Àpápá, kí o sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára ẹ̀dà tìrẹ. Sọ nínú rẹ̀ pé ìdí tí wọ́n fi mú un ni o fẹ́ mọ̀, lábẹ́ òfin wo, àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹgbẹ́ apẹja yín ni kó bu ọwọ́ lù ú, má ṣe ìwọ nìkan.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ìgbà náà ni kí o kọ sí Àbújá, kí o fi ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ náà sínú rẹ̀. Ọ̀nà tí o lè gbà kí lẹ́tà rẹ má bàa dúró lórí tábìlì ẹlòmíràn ni pé kí aṣòfin tó ń ṣojú Bàdágìrì ní Àbújá fúnra rẹ̀ mú un dé ibẹ̀, kí ó sì gba nọ́ḿbà ìwé náà wá fún ọ. Sọ fún wa níhìn-ín nígbà tí nọ́ḿbà náà bá dé.